Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Tọ́ Ọmọ Tí Ọ̀gá Onílù Rẹ̀ Kú

"Bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò." Bí onílù bá kú n'Ìbàdàn, òwe yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà. Bí wọ́n bá sì ti pa á tán, ojú gbogbo wọn á yí sí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olóògbé. "Ìwọ ló kù o. Má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ ọ̀gá rẹ parẹ́." Omijé ò tíì gbẹ lójú ọmọ, wọ́n ti gbé ẹrù lé e lórí.

Mo fẹ́ràn òwe náà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so, á sì kú. Kó tó kú rárá ni ọmọ ti ń yọ nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá wó, ọmọ náà ṣì kéré, kò sì sẹ́ni tó ń retí èso lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tí ọ̀gá fi sílẹ̀ ti wà nínú ọmọ kí ikú tó dé. Ẹ fi í sílẹ̀ kó dàgbà.

Mo mọ ọmọ kan ládùúgbò tí kò jìnnà sí Mápó n'Ìbàdàn, tí bàbá onílù kan ń kọ́ ní dùndún. Kì í ṣe ọmọ Àyàn, ìyẹn ọmọ ìdílé onílù, ó kàn fẹ́ràn ìlù ni. Omele, ìlù kékeré tó ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀, ni bàbá kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ òsì ọmọ náà sórí ọṣán, ìyẹn okùn awọ ara ìyáàlù, ó ní kó fún un, kó dẹ̀ ẹ́, títí "Ìbàdàn mesí ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé" fi ń jáde ketekete. Bàbá kú, wọ́n sọ fọ́mọ pé ó rìnrìn àjò. Ọmọ á ti iléèwé dé, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá. Ọjọ́ fìdáù ló tó gbọ́, lẹ́nu ẹni tó ń pín oúnjẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ. Ẹ mú un jókòó, ẹ sọ fún un pé ọ̀gá rẹ ti kú, kò ní padà wá mọ́. Bó bá sunkún, ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mìíràn ò ní fọwọ́ kan ìlù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òmíràn ò ní gbé e sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni méjèèjì. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú torí ariwo, ẹ má sì fi dandan gbé e kọ́ ẹni tí kò fẹ́ lọ́rùn.

Kí ọmọ mọ̀ pẹ̀lú pé òun nìkan kọ́ ló ń pa orúkọ ọ̀gá mọ́. Ọdún 2005 ni Dáúdà Epo Àkàrà, olórin àwúrèbe, kú, àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń gbọ́ orin rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ló gbé e dúró. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ká ìlù olóògbé sórí fóònù níbi ìnáwó, ẹ bá ọmọ gbà á.

Onílù tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣíde láìjúbà. Bí ọmọ bá padà sídìí ìlù, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi í ki ọ̀gá rẹ̀: orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, ilé tó ti wá. Bó bá ṣi í lù, ẹ má dá a dúró. Ní ti ìyáàlù olóògbé, àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ni ín. Ẹ má rán ọmọ lọ tọrọ rẹ̀ kó má dìjà. Ẹ lè bi wọ́n léèrè bóyá kọ̀ǹgọ́ kan, ọ̀pá tí a fi ń lùlù, ṣẹ́ kù tí wọ́n lè fún un.