Èsì wa sí oníbàárà tó ní tàdáwà búráùn wa kò dán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ní nínú àwòrán wa, tàdáwà búráùn yìí ń kọ mànà bí ọrùn ẹyẹlé, àwọ̀ ewé lórí búráùn, àmọ́ nígbà tí ẹ fi kọ̀wé nílé yín ní Gwarinpa, búráùn lásán lẹ rí, bíi tíì àná. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa.

Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀. Èmi ni mo ya àwòrán yẹn. Kálàmù ẹlẹ́nu gbòòrò ni mo lò, tákàdá Tomoe River ni mo kọ ọ́ sí, n kò sì sọ ọ́ lábẹ́ àwòrán. Mo ti lọ kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí.

Ẹni tó bá ti dé ìdí aró ní Kofar Mata, ní Kano, á ti rí i: bí aró bá ki lára aṣọ, tí wọ́n lù ú, lù ú, aṣọ dúdú náà á máa dán bíi bàbà. Èyí tó dúró sókè aṣọ ló ń dán, kì í ṣe èyí tó wọnú òwú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàdáwà yìí. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, àwọ̀ tó ki á wà lórí tákàdá bí awọ fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wá bà á. Tákàdá fọ́tòkọ́pì tí ẹ lò ti fà á mu kó tó gbẹ. Ẹ má rò pé nínípọn tákàdá ló fà á o! Gíráàmù 80 ni ti fọ́tòkọ́pì sí mítà onígun mẹ́rin kan, Tomoe River tí mo lò kò ju 52 lọ, síbẹ̀ kì í mu omi bọ̀rọ̀. Ẹnu kálàmù yín tó tín-ín-rín náà kì í da tàdáwà púpọ̀ sílẹ̀. Ẹ sì tún fẹnu ara yín sọ pé ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ kó lè tètè gbẹ. Hà, ẹ̀gbọ́n! Tíṣù ló kó o lọ.

Ti pé ẹ ní ẹ mi ìgò títí kò sì dán, kò sí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mímì á gbé sókè. Irú tàdáwà tó ní ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ tún ní ó ń ran ìka lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti kọ ọ́, n kò ní jiyàn. Awọ tó wà lókè yẹn náà ni ọwọ́ ń gbá, pàápàá tí ọwọ́ bá làágùn. Ẹ má fi í buwọ́ lùwé ọ́fíìsì. Tí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ tètè máa dé kálàmù yín, torí ẹnu rẹ̀ á gbẹ kí ẹ tó ronú ọ̀rọ̀ kejì.

Mo ti di tákàdá mẹ́fà fún yín, ọlọ́kadà á gbé e wá lọ́la, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ fi kálàmù ẹlẹ́nu gbòòrò kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ jẹun, kí ẹ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́bàá fèrèsé. Bí kò bá dán, ẹ gbé ìgò náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Wuse, bí ẹ tilẹ̀ ti lò ó dé ìdajì, owó yín á pé lọ́wọ́ yín.