Láderin ni kí a kọ́lé gogoro sí, kì í ṣe Lafẹ́nwá

Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Láderin, ní Abẹ́òkúta, ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń dùn mí. Ibùdókọ̀ tó rẹwà, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ, àmọ́ kí èrò tó bọ́ sílẹ̀ tán, oníkálukú ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀. Kò sí ohun tó ń dá wọn dúró níbẹ̀.

Ní New York, ilé alájà 59 kan wà ní ibùdókọ̀ Grand Central, lórí ojú irin gan-an. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí i. Pan Am ni wọ́n ń pè é nígbà náà, MetLife ló ń jẹ́ báyìí. Àárín ojú irin ni àwọn òpó rẹ̀ gbà wọlẹ̀.

Ibi tí àbá kíkọ́lé sórí ojú irin yìí ti ṣẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ní 1902, èéfín ọkọ̀ eléèédú bo ihò abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, awakọ̀ kan kò rí iná tó ní kó dúró, ó kọlu ọkọ̀ tó wà níwájú, èèyàn 15 sì kú. Wọ́n fòfin de ọkọ̀ eléèéfín, iná mànàmáná gba ipò rẹ̀. Bí èéfín ṣe lọ ni ẹnjiníà William Wilgus rí i pé a lè bo ojú irin, ká sì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sókè rẹ̀. Àwa tí a ń ta plọ́ọ̀tì káàkiri Abẹ́òkúta yìí, ta ló ta òfurufú rí?

Dísù ni ọkọ̀ tiwa ń mu, nítorí náà mi ò ní ká bo ojú irin. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Láderin ni kí wọ́n kọ́ ilé gogoro tiwa sí, alájà mẹ́rin péré: àwọn aláàdìrẹ nísàlẹ̀, ọ́fíìsì àti yàrá fún ayálégbé lókè, kí owó ilé máa ran rélùwéè lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀. Ọdún 1963 yẹn kan náà ni New York bẹ̀rẹ̀ sí í wó Penn Station, ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ kan. Ó dun ará ìlú débi pé wọ́n ṣòfin ààbò ilé àtijọ́ ní 1965, òfin yẹn ló sì gba Grand Central sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1978, nígbà tí àwọn tó ni ín fẹ́ gbé ilé gogoro mìíràn lé e lórí. Lafẹ́nwá ni ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti 1901 gbà kọjá. Ẹni tó bá gbé àbá ilé gogoro wá, kó gbé e lọ sí Láderin. Ẹ má fọwọ́ kan ibùdókọ̀ àtijọ́ ti Lafẹ́nwá.