Àrùn Kawasaki kì í ṣe ti àwọn ọmọ Japan nìkan

Ẹ dárúkọ àrùn Kawasaki, àìsàn ọmọdé tó ń mú ara gbóná, tó sì lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn jẹ́, láàárín àwa dúdú, ẹ ó gbọ́ èsì kan náà: "Àìsàn àwọn ará Japan nìyẹn, kì í ṣe ọmọ tiwa." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọmọ tí wọ́n bá sì fi èrò yìí tọ́jú lè gbé àléébù ọkàn títí ayé.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Orúkọ dókítà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn yìí ni wọ́n fi pè é. Oṣù January 1961 ni Tomisaku Kawasaki, dókítà àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn Red Cross ní Tokyo, rí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tí àìsàn rẹ̀ kò jọ èyíkéyìí tó mọ̀. Kò gbàgbé ọmọ náà. Ó ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rí wọn, nígbà tó sì di 1967, ó tẹ ìròyìn lórí ọmọ 50 jáde. Láti 1970 ni Japan ti ń ka àwọn tó ń ní in jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lóòótọ́, ibẹ̀ ló pọ̀ sí jù: lọ́dún kan, nínú ọmọ 100,000 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn tó ń ní in ju 300 lọ. Ní Amẹ́ríkà, bíi 20 ni. Àjogúnbá sì wà nínú rẹ̀, torí àwọn ọmọ ìran Japan tí wọ́n bí sí Hawaii ṣì ń ní in ju àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀ lọ fíìfíì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà yẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n to àwọn ọmọ tí Kawasaki gbé dé ilé ìwòsàn ní ìran-ìran, àwọn ọmọ Éṣíà ló ṣíwájú. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kì í ṣe òyìnbó, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn dókítà Nàìjíríà náà ti kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ tí wọ́n rí i lára wọn.

Kí ló dé tí a kì í fi í gbọ́ ọ? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ pé òun nìyí. Àmì ara ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì rò ó kò ní rí i. Ara ọmọ á gbóná gan-an fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, oògùn ibà kò ní ràn án, oògùn apakòkòrò kò ní ràn án. Ojú méjèèjì á pọ́n láìsí ipin. Ètè á pupa, á gbẹ, á sán. Ahọ́n á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú débi pé ọmọ lè kọ̀ láti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ara á sú, kókó lè so lọ́rùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, awọ orí ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ìdí èékánná. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń yọ, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ara sísú kì í hàn pupa lára awọ dúdú bó ṣe ń hàn nínú àwòrán ìwé òyìnbó. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ètè àti ahọ́n ni kí ẹ wò. Ẹ tún wo ojú abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n gún ọmọ ní apá nígbà tí wọ́n bí i: ó lè wú, kó sì pọ́n lákọ̀tun. Àwọn dókítà Japan mọ àmì yìí bí ẹní mowó, torí àwọn náà ń gún BCG. Amẹ́ríkà kì í gún un fún gbogbo ọmọ, torí náà kò jẹ́ nǹkan bàbàrà nínú ìwé tiwọn. Tiwa ńkọ́, tó jẹ́ pé ọmọ jòjòló la ti ń gún un?

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé ara gbígbóná náà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, kódà bí a kò tọ́jú rẹ̀. Kó tó lọ, wọ́n á ti lo oògùn ibà, ti táífọ́ọ̀dù, àti àgbo. Èyí tí wọ́n lò kẹ́yìn ló máa gba ìyìn. Ọmọ á máa ṣeré, inú ilé á dùn, bẹ́ẹ̀ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn gan-an ti lè wú níbì kan bíi táyà tó yọ kókó. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin tí wọn kò tọ́jú ló ń rí bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, kí ọkàn dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì lọ́jọ́ iwájú.

Ìwádìí ló sì yí èyí padà. Ní 1984, àwọn dókítà Japan fi hàn pé immunoglobulin, oògùn kan tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ń dáàbò bo iṣan ọkàn. Jane Newburger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1986. Ní 1991, wọ́n fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan péré, gíráàmù méjì fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, tí wọ́n fà sí i lára fún bíi wákàtí mẹ́wàá, dára ju kí wọ́n pín in sí ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ewu náà wálẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ kan nínú ogún. Àmọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ló yẹ kó wọlé. Oògùn náà wọ́n, kì í sì í sí nílẹ̀ níbi gbogbo. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọjọ́ tí a fi ń ṣòfò, tí à ń sọ pé "ti Japan ni" fi ń dùn mí.

Àwọn kan tún ń sọ pé kòrónà ló bí Kawasaki. Rárá o. Ní 2020, àìsàn kan tó jọ ọ́ jáde lẹ́yìn kòrónà. Nínú ọmọ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ròyìn ní London, mẹ́fà jẹ́ ìran Áfíríkà àti Karibíà. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Kawasaki ti wà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú kòrónà.

Bí ara ọmọ yín bá ti gbóná dé ọjọ́ karùn-ún pẹ̀lú irú àmì wọ̀nyí, ẹ bi dókítà tààrà: "Ṣé kì í ṣe Kawasaki?" Ẹ má fún un ní asipirín nílé, dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn fún un. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ béèrè àyẹ̀wò echo tí wọ́n fi ń wo ọkàn, kí ẹ sì padà lọ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń sáré káàkiri ilé.