Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, kí n má bèèrè

Ẹ̀wà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Sátidé tó kọjá, mo yà sí ọjà Kubwa ní Abuja láti ra ẹ̀wà olóyin, múdù méjì péré. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ẹ má pè é ní kóńgò níbí o, wọ́n á gbówó lé e fún yín.) Ìyá tó ń tà á, ọmọ Ọ̀ffà ni, ó mọ̀ mí dáadáa. Bí mo ṣe bu ẹ̀wà sọ́wọ́ tí mo gbé e sún mọ́ imú, òórùn kan ta sí mi lágbárí, bí òórùn oògùn ẹ̀fọn tó ti pẹ́ nínú yàrá.

"Màmá, kí lèyí?"

"Dádì Tèmi, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ti fín in kó tó kúrò lókè ọ̀hún. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ tún da ìkejì nù."

"Ta ló fín in? Kí ni wọ́n fi fín in?"

"Ibo ni n ó ti mọ̀? Wọ́n ti rán àpò lẹ́nu kó tó dọ́dọ̀ mi. Ẹni tó tà á fún mi náà, bó ṣe rà á nìyẹn."

Mo rà á torí pé ó sọ òtítọ́ fún mi. Ìyàwó mi gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kó gbogbo ẹ̀ dànù. Kò bèèrè bóyá ẹni tó tà á jẹ́ olóòótọ́.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi fín ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ni dichlorvos. Organophosphate ni ìdílé tó ti wá. Ohun kan wà nínú ara wa tó máa ń sọ fún iṣan pé ó tó gẹ́ẹ́, kó dẹwọ́. Ohun yẹn gan-an ni oògùn yìí máa ń so lọ́wọ́. Tí ò bá ti ṣiṣẹ́ mọ́, itọ́ á máa dà, ojú á ṣú, ara á máa gbọ̀n, èémí á sì dáwọ́ dúró. Kòkòrò ló wà fún, àmọ́ àwa àti kòkòrò, ibì kan náà ló ti ń mú wa. Àwọn ará Jámánì tó ń wá oògùn kòkòrò ní 1938 ló ṣèèṣì kan sarin tó di ohun ìjà. Inú ìdílé yìí náà ni májèlé tí wọ́n fi kun aṣọ Frank Chikane ti wá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Chikane fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ ni, akọ̀wé àgbà fún àpapọ̀ àwọn ìjọ ní Gúúsù Áfíríkà láyé apartheid, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ya dúdú sọ́tọ̀, ẹni tí ẹnu ẹ̀ ò sinmi lára ìjọba. Ní 1989 ó rìnrìn àjò lọ sí Namibia, àìsàn kan gbé e ṣubú. Wọ́n gbé e padà sílé, ara ẹ̀ yá. Ó gbéra ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó tún ṣubú. Ilé ìwòsàn tọ́jú ẹ̀, ó dìde, ó wọṣọ ẹ̀ lọ sílé, àìsàn tún dé. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí àwọn dókítà ní Wisconsin fi yé wo ara ẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹrù ẹ̀. Aṣọ inú báàgì ẹ̀ ni wọ́n ti fi májèlé kùn. Ọkùnrin yẹn ń wọ ikú sọ́rùn láràárọ̀, ó sì ń fọwọ́ ara ẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rí tọ́ka sí pé irú májèlé bẹ́ẹ̀ ti ń jáde ni ètò ìkọ̀kọ̀ kan tí àwọn ológun Gúúsù Áfíríkà ń pè ní Project Coast. 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Dókítà ọkàn kan, Wouter Basson, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀. Òun náà wà lára àwọn dókítà tó ń tọ́jú P.W. Botha tó ń ṣèjọba. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ń fetí gbọ́ bí àyà olórí ìjọba ṣe ń lù, òun náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé májèlé wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Pretoria tó dà bíi ti aládàáni, Roodeplaat Research Laboratories àti Delta G Scientific, àmọ́ owó ológun ló ń gbọ́ bùkátà wọn.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí Desmond Tutu jẹ́ alága ẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1998, ìwé kan jáde tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìwé ọjà títà. Ẹ ó rò pé ìwé ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni. Ṣokoléètì tí anthrax, kòkòrò àrùn tó ń pani, wà nínú ẹ̀. Sìgá tí anthrax wà nínú ẹ̀. Whisky tí wọ́n da paraquat sí, paraquat yìí kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń fi pa koríko tẹ́lẹ̀. Ṣúgà tí kòkòrò salmonella wà nínú ẹ̀. Cholera nínú ìgò. Iye tó jáde àti ọjọ́ tó jáde, wọ́n kọ ọ́ létòlétò. Daan Goosen tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Roodeplaat jẹ́rìí pé wọ́n ń wá kòkòrò tí yóò mú aláwọ̀ dúdú nìkan, àti pé wọ́n ń ṣe ìwádìí ohun tí kò ní jẹ́ kí obìnrin dúdú lóyún mọ́.

(Mo wà ní apá òkè ọ̀hún ní 2003 nígbà tí wọ́n kọ oògùn rọpárọsẹ̀ ní Kano, tí wọ́n ní ó ń sọni dàgàn. Gbogbo wa tá a jẹ́ ọmọ Yorùbá níbẹ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan tó ṣe oògùn yẹn, àrùn náà sì tipa bẹ́ẹ̀ gbèèràn dé àwọn orílẹ̀-èdè míì. Àwọn ọmọ tí kò rìn mọ́ ló san gbèsè ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo ka ohun tí Goosen sọ, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn òyìnbó ń ṣe, àwọn kan ti jókòó sí láàbù kan rí tí wọ́n ń wá a lóòótọ́.)

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ nípa Basson ni pé ọ̀dájú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tan ìjọba ẹ̀ jẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn fún un lórúkọ, Dókítà Ikú, ó sì tán síbẹ̀. Èmi ò gbà pé ó tán síbẹ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan lé Basson lórí, àwọn ọ̀gágun ńlá ńlá, pẹ̀lú ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ológun. Ohun tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ sọ nípa wọn nígbẹ̀yìn ni pé àìbìkítà wọn burú jáì: wọ́n ń buwọ́ lu owó gọbọi fún iṣẹ́ tí kò yé wọn, wọn ò sì gbìyànjú kó yé wọn. Ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Basson purọ́ tàbí kò purọ́, ta ló fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹ̀? Tí májèlé bá dé ibi tó yẹ kó dé, tí orúkọ ọ̀gágun kankan ò sí lára ìgò, àlàáfíà ni.

Mo mọ irú yàrá tí àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń jókòó, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Ní 2011, mo wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní ọ́fíìsì ìjọba kan níbí ní Abuja, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mẹ́séńjà gbé fáìlì kan wọlé, wọ́n fi ríbọ́ǹnù pupa dì í, òǹtẹ̀ SECRET wà níwájú ẹ̀. Mo tú u. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: owó fún ohun èlò ààbò. Kò sí orúkọ ohun tí wọ́n rà, kò sí iye ẹ̀yà, kò sí rìsíìtì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ọmọ ìlú kan náà ni wá, a jọ máa ń jẹun ọ̀sán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n rà?"

Kò gbójú sókè. Ẹ̀pà ló ń bó. "Ṣó o rí òǹtẹ̀ iwájú ẹ̀?"

"Mo rí i, sà."

"Ọ̀rọ̀ ààbò ni. Buwọ́ lù ú."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lórí tábìlì, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Mo buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ́fíìsì náà kó lọ síbòmíì, wọ́n ní ká ṣí yàrá tí wọ́n kó ohun èlò ààbò sí. Páálí ló kún ibẹ̀ dé àjà. Mo gbé ọ̀kan, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mo gbé ìkejì. Fáànù kan tó ti ya lọ́wọ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ìgbẹ́ eku. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A ti ilẹ̀kùn padà.

Mi ò fi páálí wé anthrax o. Ohun tí mo ń sọ ni pé òǹtẹ̀ kan náà ló wà níwájú fáìlì méjèèjì. Owó ààbò tí àwọn gómìnà wa ń gbà, tí wọn kì í ṣírò ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, òǹtẹ̀ yẹn náà ni.

Tí ẹ bá ní ààbò ló fa ìkọ̀kọ̀, ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Ní oṣù kẹta 1993, F.W. de Klerk dìde níwájú àwọn aṣòfin, ó ní àwọn ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́fà, àwọn sì ti tú gbogbo wọn palẹ̀. Bọ́ǹbù mẹ́fà ó! Ó ṣeé sọ fún aráyé. Àmọ́ ti Project Coast, wọ́n ní ìdáàbòbò nìkan ni. Wọ́n ní wọ́n ti da àwọn oògùn náà sínú òkun. Basson fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì wá fi ẹ̀hónú hàn ní 1994, ìjọba Mandela sì bá ara ẹ̀ nínú wàhálà: wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin náà ti ń lọ sí Libya. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1995. Gbogbo àṣírí ètò náà wà nínú orí ẹ̀, ìjọba tó gbẹ̀yìn apartheid tún wá ń san owó oṣù fún un kí orí yẹn má bàa rìn jìnnà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un ní Pretoria ní oṣù kìíní 1997 lórí ọ̀rọ̀ oògùn ecstasy, wọ́n rí àwọn àpótí tó kún fún ìwé ètò náà. Ìwé tó yẹ kó ti di eérú.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Ìpànìyàn, jìbìtì, oògùn olóró, ẹ̀sùn náà ju ọgọ́ta lọ níbẹ̀rẹ̀. Basson ní àṣẹ lòun ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹrin 2002, Adájọ́ Willie Hartzenberg ní kò jẹ̀bi ìkankan. Mo gba ìdájọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà lọ́hùn-ún ní ní 2013 pé ó hu ìwà tí kò yẹ dókítà, àmọ́ ìyẹn náà tún di ẹjọ́ lórí ẹjọ́, ọkùnrin náà sì ń bá iṣẹ́ dókítà ọkàn ẹ̀ lọ.

Ti Chikane ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2006, Adriaan Vlok tó jẹ́ mínísítà tó ń darí àwọn ọlọ́pàá nígbà apartheid lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó bu omi, ó kúnlẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún wọn, àmọ́ wọ́n ní wọn ò ní lọ àfi tí wọ́n bá tún ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó sùn sẹ́wọ̀n.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí nǹkan eléwu wà ní ìkọ̀kọ̀, kí ojú sì wà lára ẹ̀? Ó ṣeé ṣe, a ti ṣe é níbí. Ní Samaru ní Zaria, ní yunifásítì ABU, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ìwádìí láti 2004. Bíi kílò kan uranium tó le ni epo inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ̀rù sì ń bani nítorí Boko Haram. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó o padà sí Ṣáínà, wọ́n fi èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò ẹ̀. Àwọn ológun wà níbẹ̀, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ átọ́míìkì wà níbẹ̀, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan dá sí i. Àna mi ń gbé Samaru, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìkọ̀kọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti kà á, kà á. Kò sí ẹnì kan tó ní kí wọ́n má bèèrè iye gíráàmù tó wà nínú ẹ̀.

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀ ní Gwarinpa rẹwà. A máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń fọwọ́ gbá mi léjìká, á sì pè mí ní ọmọ dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo sọ ìtàn Basson yìí fún un lẹ́yìn ìsìn. Ó mi orí, ó ní, "Èèyàn burúkú pọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí wọ́n bá tú ríbọ́ǹnù pupa yẹn lónìí, orúkọ mi ni wọ́n máa bá nísàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀pà lòun ń bó lọ́jọ́ náà, kò fọwọ́ kan bírò.