Béárì funfun ò gbé sólà sára o

Lánàá l'Òkè-Fíà, bọ̀dá kan tó ń ta sólà ń polówó ọjà fún màmá kan, ló bá ní kódà béárì funfun, ẹranko ńlá tí òyìnbó ń pè ní polar bear, tó ń gbé inú yìnyín, sólà ló fi ń yè, pé irun ẹ̀ ń fa oòrùn bíi wáyà wọnú awọ dúdú tó wà nísàlẹ̀. Màmá ń mirí, "Ọlọ́run tóbi." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó ti sú mi. Mo ní bọ̀dá ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta páńẹ́ẹ̀lì yín, ẹ fi béárì sílẹ̀. Ó ní ṣé mo débẹ̀ rí ni.

Mi ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni oòrùn kì í yọ rárá! Ní Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tí béárì yìí ń gbé, tí oòrùn bá ti lọ lópin oṣù kẹwàá, ó di àárín oṣù kejì kó tó padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà nílé, tójò bá ṣú fọ́jọ́ méjì péré l'Òṣogbo ńbí, ṣebí ínfátà yín á ti máa ké. Inú òkùnkùn yẹn náà ni abo béárì ń bímọ sí, nínú ihò tó gbẹ́ sábẹ́ yìnyín, ọmọ ọ̀hún ò tó kílò kan, irun ara ẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ìyá ẹ̀ ló ń yá. Oòrùn wo ló rí?

Wọ́n sì ti yẹ irun yẹn wò. Ní 1998, Daniel Koon, onímọ̀ físíìsì ní St. Lawrence University l'Amẹ́ríkà, tan iná sínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa tó gba inú irun tó gùn tó ínṣì kan jáde ò tó 0.001%. Wọ́n á ní irun ẹ̀ ṣófo nínú. Ọwọ́ ewé ìbẹ́pẹ náà ṣófo nínú, ta ló fi fa iná rí?

Èmi ṣiṣẹ́ ní kóòdùrúùmù ẹja fọ́dún méjì. Jákẹ́ẹ̀tì tá a máa ń wọ̀ ò ní iná kankan nínú, ooru ara wa ni ò jẹ́ kó jáde. Ọjọ́ tí omi dà sí mi léjìká tí jákẹ́ẹ̀tì rin gbingbin, bí mo ṣe ń gbé páálí títù ni eyín mi ń gbá ara wọn, mo sá jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti béárì: irun ẹ̀ pé méjì, èyí tó kúnjú nísàlẹ̀, èyí tó gùn lókè, ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sómi tí irun rin, ọ̀rá abẹ́ awọ ló kù tó ń gbà á, ó sì lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Inú ara ẹ̀ gbóná bíi tiwa, nǹkan bíi 37°C, síbẹ̀ kámẹ́rà tó ń wo ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, àfi ojú àti imú, torí ooru ò ráyè jáde. Tó bá sáré díẹ̀ báyìí, ooru á fẹ́ pa á.

Ó dáa, nígbà ẹ̀rùn wọn, oòrùn lè yá a lára díẹ̀, bíi ti ewúrẹ́ tó sùn sí títì.

Màmá ṣá ra páńẹ́ẹ̀lì méjì. Bọ̀dá ò dá mi lóhùn títí mo fi kúrò níbẹ̀.