Àtúnṣe: Ìpele ọ́ksáìdì tí wọ́n fi áyọ́nù tí agbára rẹ̀ kéré lù kì í tú ìtànṣán olóró jáde

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń káàkiri lórí WhatsApp pé gíláàsì èyíkéyìí tí wọ́n fi ọ́ksáìdì (àpòpọ̀ ọ́síjìn àti nǹkan mìíràn) kùn, tí wọ́n sì fi áyọ́nù (átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná mànàmáná lára) lù, á máa tú ìtànṣán olóró jáde títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé àánú ọmọnìkejì ló mú kí ọ̀pọ̀ pín in.

Ẹ wo TiO₂ (ọ́ksáìdì títéníọ́mù) tí wọ́n fi áyọ́nù ágọ́nù, ìyẹn gáàsì kan, lù pẹ̀lú agbára 100 keV (keV jẹ́ òṣùwọ̀n agbára). Agbára yìí fi ìlọ́po tó ju 100 lọ kéré sí èyí tó lè yí kókó àárín átọ́ọ̀mù padà. Ọ̀pọ̀ ágọ́nù náà kì í wọlé tó 100 nánómítà (ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún mílímítà) kí ó tó dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lé ọ́síjìn kúrò ní àyè rẹ̀: àwọ̀ á ṣú, iná mànàmáná á sì máa gbà á kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yan án nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 400–500°C, ọ́síjìn á padà, àwọ̀ á tún mọ́. Ká ní ìtànṣán olóró ni, yíyan ò ní ràn án.

Áyọ́nù tí agbára rẹ̀ ga, bíi pírótọ́nù (áyọ́nù háídírójìn) tí agbára rẹ̀ tó MeV mélòó kan (MeV kan jẹ́ 1,000 keV), lè sọ nǹkan di ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ fi ẹ̀rọ Geiger, tó ń ka ìtànṣán olóró, ka àyíká lásán fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ka gíláàsì náà fún 10 mìíràn, kí ẹ fi wéra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.