Ta Ló Sọ Maguire Di Èébú?

Inú ń bí mi láti àárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Harry Maguire, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọmọ England tí àwọn èèyàn sọ orúkọ rẹ̀ di èébú, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí oúnjẹ alẹ́ lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Bíréèkì ló ń han bí òròmọdìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ti wọ abẹ́ mọ́tò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan là ń rí. Ó na ọwọ́ síta, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé sípánà 17 wá. Ọmọ yìí ò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ, gírísì sì ti kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, sípánà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bà ọ̀gá lọ́wọ́, gbì! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá pariwo láti abẹ́ mọ́tò: "Maguire! O tún ti dé!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì, tí kò tilẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ yìí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Kí ni mo pè é? Orúkọ rẹ̀ níbí nìyẹn. Kò sóhun téèyàn gbé fún un tí kì í já bọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń múra láti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé àwàdà lásán ni, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Chelsea, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ẹ lọ tọ́jú ilé yín.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí dáadáa. Sheffield ni wọ́n bí Harry Maguire sí lọ́dún 1993, Sheffield United ló sì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n já sí ìpele kẹta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hull City rà á lọ́dún 2014, wọ́n tún fi í yá Wigan. Ní 2016, tí England ń gbá ife ilẹ̀ Yúróòpù ní Faransé, àárín èrò ìwòran lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi tiyín! Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, níbi ife àgbáyé ní Rọ́ṣíà, òun ló fi orí kan kọ́nà Ashley Young wọ ilé Sweden, tí England fi bọ́ sí àárín àwọn mẹ́rin tó kù nínú ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990. Ta ló ń pe ọmọ ní Maguire nígbà yẹn?

Owó ló ba nǹkan jẹ́. Lọ́dún 2019, Manchester United, ẹgbẹ́ tiwa, gbé mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn fún Leicester lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì ná irú owó bẹ́ẹ̀ rí lórí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù kan ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́ kí a má pariwo "mílíọ̀nù ọgọ́rin!" Ṣé òun ló lọ pàtẹ ara rẹ̀ sọ́jà ni? Bí wọ́n bá ta iṣu ní ọ̀wọ́n fún mi, ṣé iṣu ni màá máa bú kiri?

Mi ò ní kò ṣe àṣìṣe o. Mo wo ìdíje ọjọ́ tí Tottenham fi góòlù mẹ́fà sí ikùn wa ní Old Trafford, pápá tiwa, lóṣù kẹwàá 2020. Mo fi ojú ara mi rí i tí Maguire, balógun wa nígbà yẹn, ń fa Luke Shaw, ẹni tí wọ́n jọ wọ jẹ́sì kan náà, bí ìgbà tí èèyàn méjì ń du àga níbi ìnáwó. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ìbànújẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí a wá gbé e dé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 2022, ẹnì kan fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ọn nílé rẹ̀, tí àwọn ọlọ́pàá fi lọ tú ilé náà wò. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Wembley, pápá England, àwọn olólùfẹ́ England gan-an ló ń hó lé e lórí. Ní Ghana, aṣòfin kan, Isaac Adongo, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà tí wọ́n ń jíròrò ìṣúná, ó ní Maguire ètò ọrọ̀ ajé ni igbákejì ààrẹ wọn. Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó ń jẹun nílé rẹ̀ ní England, tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí ní Accra! Nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara wọn níbi tí England ti na Scotland 3-1 ní 2023, ẹ̀sín náà pọ̀ débi pé ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ sórí Instagram láti gbèjà ọmọ. Ìyá! Ẹni ọgbọ̀n ọdún, balógun àná, ìyá rẹ̀ ló ń bá a bẹ ayé.

Ọdún 2023 yẹn náà ni wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀ fún Bruno Fernandes. West Ham fẹ́ rà á, ọ̀rọ̀ ò wọ̀, ó padà wá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mi ò gbọ́ kó bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù náà ní Premier League. Adongo wá dìde nílé ìgbìmọ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, Maguire sì dá a lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ti gbà, kó wá kí òun ní Old Trafford.

Ó kù ọ̀kan, ara mi ló sì kàn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin 2025, a kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa fọ́fọ́, United ń bá ẹgbẹ́ Lyon ti Faransé gbá. A ti gbá méjì sílé wọn, wọ́n dá méjèèjì padà. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Lyon ti ku ènìyàn mẹ́wàá lórí pápá, síbẹ̀ wọ́n gbá ẹ̀kẹta, wọ́n tún fi pẹ́nátì gbá ẹ̀kẹrin. Mo dìde. Mo rí i tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń tì Maguire lọ síwájú láti lọ ṣe agbábọ́ọ̀lù iwájú, mo ní, "Ó parí! Tó bá jẹ́ Maguire ló máa gbà wá, ẹ sọ fún ìyàwó mi kó gbé àmàlà kaná." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo bọ́ sí bàtà mi, mo jáde.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé wa tí ariwo àkọ́kọ́ fi sọ. Ìkejì sọ. Ìkẹta, àfi bíi pé iná mọ̀nàmọ́ná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Casemiro ló gbé bọ́ọ̀lù sókè, Maguire fi orí kàn án lábala ìkẹyìn, 5-4. Inú fóònù kékeré ni mo ti wò ó, níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ìyẹn ni mo rò lónìí tí mo fi ń bá ọ̀gá jà. Ó yọ jáde lábẹ́ mọ́tò, ó nu ojú, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sá jáde lọ́jọ́ Lyon?" Mo dákẹ́. "Ta ló gbá góòlù kejì wọ ilé Liverpool ní Anfield, pápá wọn, lóṣù kẹwàá 2025, tí a jẹ wọ́n 2-1? Ilé tí a ò ti jẹ nínú líìgì láti 2016! Ọmọ yìí máa ń já nǹkan bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì tó dá tú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mò ń kì í ni, ẹ̀yin lẹ ń rò pé èébú ni."

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Bóyá irọ́ ló ń pa, ó kàn fẹ́ kí n lọ. Bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gá ọ̀hún mọ ẹnu í dá.

Mo sanwó. Mo yọ ẹgbẹ̀rún náírà sọ́tọ̀ fún ọmọ náà. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi bẹntiróòlù fọ gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo la ẹnu láti pè é. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tó sì wá sí mi lẹ́nu ni Maguire.

Mo pàtẹ́wọ́ sí i.